Kíndìnrín fún ẹ̀gbọ́n: ta ló yẹ kó fún un, kí sì ni ìjọba lè ṣe sí i?

Ìbéèrè: "Ẹ kú iṣẹ́ o. Ògbómọ̀ṣọ́ ni mo ti ń kọ̀wé. Ẹ̀gbọ́n wa ọkùnrin, tíṣà, ẹni ọdún 43, ti ń fọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì lọ́sẹ̀ láti ọdún tó kọjá, owó sì ti tán lọ́wọ́ wa. Dókítà ní kíndìnrín tuntun ló máa gbà á. Ẹbí ṣèpàdé, wọ́n ní kí àbúrò wa tó kéré jù, bíríkìlà ọmọ ọdún 26 tí kò tíì gbéyàwó, yọ ọ̀kan fún un. Ọkàn mi ò balẹ̀. Bọ̀dá kan nínú ẹbí tún ní òun mọ ọmọkùnrin kan tó máa ta tirẹ̀. Ṣé kò ní sàn kí ìjọba kúkú fàyè gba títà rẹ̀, tàbí kí wọ́n máa yọ ti àwọn tí mọ́tò ń pa lójú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́? Òkú ò kúkú lò ó mọ́."

Ìdáhùn: Ẹ kú ìtọ́jú ẹ̀gbọ́n yín, ẹ sì kú ìnáwó. Ọ̀rọ̀ àbúrò yín la máa kọ́kọ́ mú, torí òun ni abẹ sún mọ́ jù.

Ọkàn yín tí kò balẹ̀ yẹn, ó nídìí. Bí ẹbí bá jókòó lé irú ọ̀rọ̀ yìí, ẹni tó kéré jù, tí kò níyàwó, tí àwọn ẹ̀gbọ́n ti ràn lọ́wọ́ rí, tí kò sì lẹ́nu láti sọ pé òun ò ṣe, ni gbogbo ojú máa ń yí sí. Wọ́n á ní ara rẹ̀ le, ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ ṣì gbóná. Ọ̀tọ̀ ni ojú tí ìmọ̀ ìṣègùn fi ń wò ó. Kíndìnrín kan tó kù gbọ́dọ̀ sìn ín dọjọ́ ikú, ọmọ ọdún 26 sì ṣì ní ogójì, àádọ́ta ọdún níwájú. Ẹ̀jẹ̀ ríru àti àtọ̀gbẹ, àwọn tó ń ba kíndìnrín jẹ́ jù, kì í sábà tíì yọjú ní ọjọ́ orí yẹn. Àyẹ̀wò á ní kò sí nǹkan kan, torí pé kò tíì dé ni. Ṣùgbọ́n ká ní ẹ̀gbọ́n mìíràn wà nínú ẹbí, ẹni ọdún 52, tí BP rẹ̀ dáa, tí kò ní ṣúgà, tí kò sí púrótíìnì nínú ìtọ̀ rẹ̀, ara tirẹ̀ ti jẹ́rìí fún un. Nínú àwọn méjèèjì, ẹ̀gbọ́n yìí ló sàn kí ẹ kọ́kọ́ lọ bá.

Nǹkan mìíràn wà tó kan àwa Yorùbá gan-an. Jíìnì kan ń jẹ́ APOL1. Ẹ̀dà rẹ̀ méjì kan, G1 àti G2, wọ́pọ̀ nílẹ̀ wa ju ibi púpọ̀ láyé lọ. Àwọn onímọ̀ gbà pé ó gbilẹ̀ nítorí pé ó ń gba ara sílẹ̀ lọ́wọ́ kòkòrò àìsàn oorun tí eṣinṣin tsetse ń gbé kiri. Ẹni tó jogún ẹyọ kan ṣoṣo kì í sábà rí wàhálà. Ẹni tó bá jogún rẹ̀ lọ́dọ̀ bàbá àti lọ́dọ̀ ìyá, ewu kíndìnrín rẹ̀ ga dáadáa. Bó bá ṣe pé ohun tó ba ti ẹ̀gbọ́n yín jẹ́ nìyí, ọmọ bàbá ọmọ ìyá rẹ̀ kọ̀ọ̀kan ní ó kéré tán ìdá kan nínú mẹ́rin láti ní irú rẹ̀. Ẹ béèrè fún àyẹ̀wò APOL1 kí ẹnikẹ́ni tó fọwọ́ síwèé. Kì í ṣe gbogbo ilé ìwòsàn ló ń ṣe é, wọ́n lè ní láti fi ẹ̀jẹ̀ ránṣẹ́ síbòmíràn, ṣùgbọ́n ẹ fara balẹ̀ dúró dè é.

Ìwádìí ńlá kan jáde ní Amẹ́ríkà ní 2014 lórí ohun tó ń ṣẹlẹ̀ sí àwọn tó fún ni ní kíndìnrín láàárín ọdún 15. Nínú 10,000 aláwọ̀ dúdú tó fún ni, nǹkan bí 75 ni kíndìnrín tiwọn náà padà daṣẹ́ sílẹ̀ pátápátá. Nínú 10,000 aláwọ̀ dúdú tí ara wọn dá ṣáká bákan náà àmọ́ tí wọn ò fún ẹnikẹ́ni, nǹkan bí 24 ni. Ewu náà kéré, ọ̀pọ̀ ló ń fún ni tí nǹkan kan kì í ṣe wọ́n. Ṣùgbọ́n ẹni tó bá sọ fún àbúrò yín pé kò sí ewu rárá, irọ́ ló pa fún un.

Ta wá ló lè fún un? Ẹ ò sọ bóyá ọmọ ìyá kan náà ni gbogbo yín, tàbí ọbàkan wà níbẹ̀. Ó ṣe pàtàkì. Ọmọ bàbá ọmọ ìyá ní ìdá kan nínú mẹ́rin láti bá ẹ̀gbọ́n mu délẹ̀ nínú àmì ara tí wọ́n ń pè ní HLA, ìdá méjì nínú mẹ́rin láti bá a mu dé ìdajì, àti ìdá kan tí kò ní bá a mu rárá. Ọbàkan ò lè kọjá ìdajì láti ọ̀dọ̀ bàbá. Ẹ má sì torí ìyẹn lé ọbàkan dànù, oògùn òde òní ń ṣiṣẹ́ fún ẹni tí kò bára mu délẹ̀. Ohun tí kò gba àwáwí ni ẹ̀jẹ̀: O lè fún gbogbo èèyàn, A lè fún A àti AB, B lè fún B àti AB, AB lè fún AB nìkan. Pọ́sítíìfù tàbí nẹ́gétíìfù tó máa ń wà lẹ́yìn rẹ̀ kò kan kíndìnrín.

Lẹ́yìn ìyẹn ni crossmatch. Wọ́n á po omi ẹ̀jẹ̀ aláìsàn pọ̀ mọ́ ẹ̀jẹ̀ funfun ẹni tó fẹ́ fún un. Bí ti aláìsàn bá gbógun tì í nínú ìgò, á gbógun ti kíndìnrín náà lórí tábìlì, nígbà míì láàárín wákàtí díẹ̀. Ohun tó ń fa irú ogun bẹ́ẹ̀ ni oyún, ẹ̀jẹ̀ tí wọ́n fà sí aláìsàn lára, àti ìpààrọ̀ tẹ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí obìnrin tó ti bímọ mẹ́rin fún ọkọ rẹ̀ lè má lè gba kíndìnrín ọkọ náà, bẹ́ẹ̀ ọkọ lè gba ti ìyàwó. Ìdí nìyẹn náà tó fi yẹ kí ẹ ṣọ́ra fún ẹ̀jẹ̀ fífà sí ẹ̀gbọ́n yín ní gbogbo ìgbà tó bá ti rẹ̀ ẹ́. Ẹ bi àwọn dókítà rẹ̀ bóyá abẹ́rẹ́ erythropoietin, tó ń mú kí ara máa ṣe ẹ̀jẹ̀ fúnra rẹ̀, àti oògùn tó ń fúnni ní irin lè gbà á. Páìntì ẹ̀jẹ̀ kọ̀ọ̀kan lè dín iye àwọn tó lè ràn án lọ́wọ́ kù.

Ọ̀rọ̀ kan wà tí àwọn ilé ìwòsàn kì í fẹ́ dá sílẹ̀. Àyẹ̀wò HLA lè fi hàn pé ẹni tí a ń pè ní ọmọ bàbá kì í ṣe ọmọ bàbá náà. Kí wọ́n tó fa ẹ̀jẹ̀ ẹnikẹ́ni, ẹ bi wọ́n ohun tí wọ́n máa ṣe tí irú rẹ̀ bá yọ. Ó dáa kí kálukú ti kọ ọ́ sílẹ̀ bóyá òun fẹ́ gbọ́ ọ tàbí òun ò fẹ́. Ilé tó tú ká nítorí àyẹ̀wò kíndìnrín, ẹjọ́ rẹ̀ kì í tán bọ̀rọ̀.

Ẹni tí ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ bá mu ló tó kan àyẹ̀wò tòótọ́: BP lọ́pọ̀ ìgbà, ṣúgà, púrótíìnì àti ẹ̀jẹ̀ nínú ìtọ̀, HIV, jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ B àti C, genotype, àwòrán CT tó ń fi iṣan ẹ̀jẹ̀ kíndìnrín hàn. Wọ́n á tún wọn iye tí kíndìnrín ń sẹ́ ní ìṣẹ́jú kan. Bó bá tó 90 mililítà, ó dáa. Láti 60 sí 89, wọ́n á wo ọjọ́ orí àti ohun tó kù. Bí kò bá tó 60, kó máa lọ sílé. Tó bá jẹ́ obìnrin tó ṣì máa bímọ ni, ẹ sọ fún un pé ewu ẹ̀jẹ̀ ríru inú oyún ga lẹ́yìn tí èèyàn bá ti fún ni: ìwádìí kan ní Kánádà rí i ní 11 nínú 100 oyún, nígbà tó jẹ́ 5 nínú 100 fún àwọn tí kò fún ni.

Tó bá wá jẹ́ bíríkìlà yìí náà ló máa ṣe é ńkọ́? Á lo ọjọ́ mẹ́ta sí márùn-ún ní ọsibítù. Fún ọ̀sẹ̀ mẹ́fà kò gbọ́dọ̀ gbé ohun tó ju kílò mẹ́rin sí márùn-ún lọ, bẹ́ẹ̀ kílò 50 ni àpò sìmẹ́ǹtì kan. Kó tó lè ru búlọ́ọ̀kù bó ṣe ń ru ú tẹ́lẹ̀, ó lè tó oṣù mẹ́ta tí kò ní rí owó ojúmọ́. Ta ló máa bọ́ ọ? Títí ayé ni á máa yẹ BP, ìtọ̀ àti creatinine (ìdọ̀tí inú ẹ̀jẹ̀ tí kíndìnrín ń sẹ́ dànù) wò lọ́dọọdún. Kò sí ibuprofen tàbí diclofenac fún ẹ̀yìn ríro mọ́, kò sì sí àgbo tí kò mọ ohun tó wà nínú rẹ̀.

Ti ẹ̀gbọ́n náà wà níbẹ̀. Tacrolimus, mycophenolate àti prednisolone ni wọ́n sábà máa ń fún ẹni tó gba kíndìnrín, ojoojúmọ́ ni, kò sí ìsinmi. Bí oògùn bá já, ara á kọ kíndìnrín náà. Ibí yìí ni ọ̀pọ̀ iṣẹ́ ti ń bàjẹ́ lọ́dọ̀ wa: owó iṣẹ́ abẹ ni ẹbí dá jọ, wọn ò ronú kan owó oògùn ọdún kejì. Lójú tiwa, ẹbí tí kò tíì mọ ibi tí owó oògùn ọdún méjì máa ti wá kò tíì lẹ́tọ̀ọ́ láti ní kí ẹnikẹ́ni dùbúlẹ̀.

Ẹ má jẹ́ kí ìkánjú mú yín. Ní oṣù kẹjọ ọdún 2025 ìjọba àpapọ̀ kéde pé owó fífọ ẹ̀jẹ̀ lẹ́ẹ̀kan máa wálẹ̀ láti ₦50,000 sí ₦12,000 ní àwọn ilé ìwòsàn ìjọba àpapọ̀ kan, UCH Ìbàdàn sì wà lára wọn. Ọ̀nà jìn láti Ògbómọ̀ṣọ́, èrò sì lè pọ̀ níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹ lọ béèrè àyè. Oṣù mẹ́fà tí ẹ bá rí rà báyìí lè tó láti yẹ gbogbo ẹ̀gbọ́n àti àbúrò wò dáadáa.

Ó kan ọmọkùnrin tí bọ̀dá yín mọ̀. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má pè é. Òfin Ìlera ti orílẹ̀-èdè wa, ti 2014, kò gbà kí ẹni tó fún ni ní ẹ̀yà ara gba owó tàbí èrè kankan, àyàfi kí wọ́n dá owó tó ná padà fún un. Òfin tó gbógun ti fífi èèyàn ṣòwò, ti 2015, tún le jù bẹ́ẹ̀ lọ: ẹni tó bá lọ́wọ́ nínú ríra tàbí títa ẹ̀yà ara lè fẹ̀wọ̀n ọdún méje jura, pẹ̀lú owó ìtanràn mílíọ̀nù márùn-ún náírà. Alágbàtà náà wà nínú rẹ̀. Gbogbo wa la gbọ́ ti Sẹ́nátọ̀ Ekweremadu, tí ilé ẹjọ́ ní Lọ́ńdọ̀nù rán lọ sẹ́wọ̀n ní 2023, ọdún mẹ́sàn-án àti oṣù mẹ́jọ. Ọ̀dọ́mọkùnrin kan láti Èkó ni wọ́n mú lọ, tí wọ́n ní mọ̀lẹ́bí ni. Àwọn dókítà tó bi í ní ìbéèrè rí i pé kò yé e, wọn ò gba kíndìnrín rẹ̀.

Ẹ̀yin tiẹ̀ béèrè ju ìyẹn lọ: kí ló dé tí ìjọba ò fi sọ ọ́ di ọjà tó bófin mu? Iran gbìyànjú rẹ̀ láti 1988, lábẹ́ òfin. Àwọn tó ń tà níbẹ̀, tálákà ló pọ̀ jù nínú wọn. Ní Chennai, ní Íńdíà, àwọn olùwádìí lọ bá 305 èèyàn tó ti ta kíndìnrín, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2002. Nínú 100, 96 ló tà á láti san gbèsè. Lẹ́yìn rẹ̀, owó tó ń wọlé fún ilé wọn wálẹ̀ ní ìdá kan nínú mẹ́ta, gbèsè ọ̀pọ̀ wọn sì wà síbẹ̀. 79 nínú 100 ní àwọn ò ní gba ẹlòmíràn nímọ̀ràn láti ṣe é. Iṣẹ́ agbára ni wọ́n ń ṣe, bíi ti àbúrò yín. Ẹni tó nílò owó lójú méjèèjì á tún fi àìsàn pamọ́, ẹ̀gbọ́n yín ló sì máa gba àrùn jẹ̀dọ̀jẹ̀dọ̀ náà pọ̀ mọ́ kíndìnrín.

Ṣùgbọ́n ọ̀tọ̀ ni owó ojú kíndìnrín, ọ̀tọ̀ ni kí ẹni tó fún ni má pàdánù. Òfin fàyè gba èyí kejì, a kàn ń fojú fò ó ni. Owó mọ́tò, owó oúnjẹ, owó ojúmọ́ oṣù mẹ́ta, owó àyẹ̀wò ọdọọdún: ẹ kọ wọ́n sílẹ̀, ẹ fi rìsíìtì sí i, kí ẹ san án. Tó bá jẹ́ pé ìjọba Ọ̀yọ́ ń wá ohun tó máa mú kí àwọn tó ń fún ni pọ̀ sí i, ibi tó yẹ kó bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ó ní àjọ ìlera adójútòfò tirẹ̀, OYSHIA. Kó forúkọ gbogbo ẹni tó bá fún ni ní kíndìnrín sílẹ̀ níbẹ̀ lọ́fẹ̀ẹ́, títí ayé. Àwọn tó ń fún ni kéré débi pé ìnáwó náà ò lè ga ìjọba lára.

Òmíràn ni pàṣípààrọ̀. Ìyàwó kan ní Ọ̀yọ́ fẹ́ fún ọkọ rẹ̀, ẹ̀jẹ̀ A ni tirẹ̀, B ni ti ọkọ. Ìyàwó mìíràn ní Ilé-Ifẹ̀ jẹ́ B, ọkọ tirẹ̀ jẹ́ A. Kí wọ́n pààrọ̀, kí iṣẹ́ abẹ mẹ́rẹ̀ẹ̀rin sì bẹ̀rẹ̀ ní wákàtí kan náà kí ẹnikẹ́ni má bàa gbà tán kó sá. Kòríà ti ń ṣe é láti 1991. Ohun tó gbà kò ju kí àwọn ilé ìwòsàn tó ń pààrọ̀ kíndìnrín ní Ìbàdàn, Ifẹ̀ àti Èkó kó orúkọ àti ẹ̀jẹ̀ àwọn tí kò bára mu sínú ìwé kan náà.

Ẹ wá wo ojú ọ̀nà Ọ̀yọ́ sí Ògbómọ̀ṣọ́. Ẹni tó kú lójú títì, ọkàn rẹ̀ ti dúró. Kíndìnrín tí ẹ̀jẹ̀ ò dé mọ́, tó ṣì gbóná nínú ara, láàárín ọgbọ̀n ìṣẹ́jú sí wákàtí kan ló ti ń bàjẹ́. Kí FRSC tó gbé òkú dé mọ́ṣúárì, ó ti tán. Àwọn tí ẹ̀yà ara wọn sábà máa ń wúlò ni ẹni tí ọpọlọ rẹ̀ ti kú pátápátá nígbà tí ẹ̀rọ amúnimí ní ICU, yàrá ìtọ́jú àwọn tí àìsàn wọn le jù, ṣì ń jẹ́ kí ọkàn máa lù. Láti mọ̀ pé ọpọlọ kú, àwọn dókítà tí kò sí lára àwọn tó máa pààrọ̀ kíndìnrín gbọ́dọ̀ mọ ohun tó ṣe é, kí wọ́n rí i pé kì í ṣe oògùn oorun tàbí òtútù ló mú un dákẹ́. Wọ́n á tan iná sí ẹyinjú, wọ́n á fi òwú kan ojú, wọ́n á da omi yìnyín sétí, wọ́n á wò ó bóyá á wúkọ́ tí wọ́n bá fi rọ́bà kan ọ̀nà ọ̀fun. Níkẹyìn wọ́n á yọ ẹ̀rọ náà fún nǹkan bí ìṣẹ́jú mẹ́jọ sí mẹ́wàá, pẹ̀lú ọ́síjìn, wọ́n á máa wò ó bóyá àyà á gbéra. Bí kò bá dáhùn sí ìkankan nínú gbogbo ìyẹn, ọpọlọ ti kú, aago sì ti ń lọ nìyẹn. Ọkàn tí wọ́n bá yọ ní wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà, ẹ̀dọ̀ ní nǹkan bíi mẹ́jọ sí méjìlá, kíndìnrín ní wákàtí 24 sí 36, nínú omi tútù. Ẹ ka bẹ́ẹ̀dì ICU tó ní ẹ̀rọ amúnimí láàárín Ọ̀yọ́ àti Ògbómọ̀ṣọ́, kí ẹ tó wá sọ pé òfin ni kò sí.

Nítorí náà, òfin tó máa sọ pé "ẹni tí kò bá ti kọ̀, ó ti gbà" kò ní fi kíndìnrín kan kún un. Sípéènì ní irú òfin bẹ́ẹ̀ láti 1979, òun ló sì ń ṣíwájú ayé, pẹ̀lú ohun tó lé ní 45 olùfúnni tó ti kú nínú mílíọ̀nù kan ènìyàn lọ́dún. Ṣùgbọ́n mọ̀lẹ́bí ni wọ́n ń bi níbẹ̀ títí dòní. Ohun tó gbé wọn ga ni àjọ tí wọ́n dá sílẹ̀ ní 1989, tó fi dókítà tí wọ́n kọ́ ní iṣẹ́ yìí sínú ICU, kó lè mọ ẹni tó ń kú lọ, kó sì mọ bí wọ́n ṣe ń bá ẹbí sọ̀rọ̀. Ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ṣe irú òfin náà ní 2020, iye mọ̀lẹ́bí tó ń gbà kò tìtorí ìyẹn ga. Ti Brazil ló yẹ kó kọ́ wa lọ́gbọ́n. Wọ́n ṣe é ní 1997, ẹ̀rù ba àwọn mẹ̀kúnnù pé wọ́n máa pa àwọn nítorí ẹ̀yà ara, èrò sì rọ́ lọ kọ orúkọ pé àwọn kò gbà. Ní 1998 wọ́n fagi lé e.

Tiwa á burú ju ti Brazil lọ. Ìlú tó rí ohun tó ṣẹlẹ̀ ní igbó Sóka ní Ìbàdàn ní 2014, tó ń gbọ́ ti àwọn tó ń fi orí èèyàn ṣoògùn owó, tí ẹ bá sọ fún un pé ìjọba lè yọ ẹ̀yà ara láì béèrè, ẹni tó ṣubú lórí ọ̀kadà gan-an á máa sá fún ọsibítù. Ìbẹ̀rù yẹn kì í ṣe ti òpè. Ohun tó lè wò ó ni kí mọ̀lẹ́bí wà níbẹ̀, kí wọ́n rí ìwé, kí wọ́n gba òkú wọn padà pẹ̀lú ojú ọgbẹ́ tí wọ́n rán dáadáa. Òfin 2014 ti fi ọ̀nà sílẹ̀ fún ẹni tó bá fẹ́: nínú ìwé ìhágún rẹ̀, tàbí nínú ìwé tí òun àti ẹlẹ́rìí méjì fọwọ́ sí, tàbí kó sọ ọ́ lẹ́nu níwájú ẹlẹ́rìí méjì. Ó sì lè yí i padà nígbàkígbà.

Ẹ̀sìn ò dí ọ̀nà tó bí àwọn èèyàn ṣe rò. Ìgbìmọ̀ àwọn onímọ̀ òfin Ìsìláàmù lábẹ́ OIC, àjọ àwọn orílẹ̀-èdè Mùsùlùmí, fọwọ́ sí i ní Jeddah ní 1988, pẹ̀lú àdéhùn pé kò gbọ́dọ̀ sí títà. Póòpù John Paul Kejì sọ̀rọ̀ tì í lẹ́yìn ní 2000. Ẹni tó sì ń bẹ̀rù pé òun máa padà wáyé láìní kíndìnrín, àwọn àgbà ilé rẹ̀ ló lè bá a sọ ọ́, kì í ṣe àwa.

Ojú ni ká fi bẹ̀rẹ̀ tó bá jẹ́ ti òkú. Awọ dídán tó wà níwájú ẹyinjú kò nílò ICU, ọkàn tó dúró ò dí i lọ́wọ́. Wọ́n lè gbà á láàárín wákàtí mẹ́fà sí méjìlá lẹ́yìn ikú, iṣẹ́ náà kì í sábà ju ogún ìṣẹ́jú lọ, ojú òkú kò yí padà, ẹni tí wọ́n sì fẹ́ sin lọ́jọ́ náà gan-an lè ṣe é. Kí àwọn ará ilé pa ìpéǹpéjú dé, kí wọ́n pa fáànù, kí wọ́n fi ìrọ̀rí gbé orí sókè díẹ̀, kí wọ́n fi òwú tútù lé ojú. Wọ́n lè tọ́jú awọ náà títí dé nǹkan bí ọjọ́ 14. Ìlú tó bá ti rí i tí ojú afọ́jú kan là lọ́nà yìí ní Tákíé, ó máa fetí sí ẹni tó bá mẹ́nu ba kíndìnrín.

Ní ti àbúrò yín, ohun tí ẹ máa ṣe nìyí. Kó lọ rí dókítà àwọn tó ń fún ni, tó yàtọ̀ sí dókítà ẹ̀gbọ́n yín, kó sì wọlé lóun nìkan. Ẹ̀yin ẹ dúró síta. Kó béèrè ewu rẹ̀, kó béèrè ẹni tó máa san owó oṣù mẹ́ta rẹ̀, kó béèrè APOL1. Tó bá sọ nínú yàrá yẹn pé òun ò fẹ́, iṣẹ́ ilé ìwòsàn ni láti jáde wá sọ fún ẹbí pé kò yẹ láti fún ni, kí wọ́n má sì sọ ìdí rẹ̀ fún ẹnikẹ́ni. Ó lẹ́tọ̀ọ́ sí gbólóhùn yẹn lọ́jọ́ àyẹ̀wò àkọ́kọ́, ó lẹ́tọ̀ọ́ sí i lálẹ́ ọjọ́ iṣẹ́ abẹ, ó sì lẹ́tọ̀ọ́ sí i lórí bẹ́ẹ̀dì tíátà, títí dìgbà tí oògùn oorun á fi wọlé.